Omi Adágún Kọ̀, Kò Mọ́

Bí ó bá ṣe pé ìríra ni ìjọba ń san owó oṣù lé lórí, Fẹ̀hìntọlá ni ì bá jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún gbogbo Ìbàràpá. Ọkùnrin náà kì í jẹun nílé ẹlòmíràn. Tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á wá omi lọ. Bí ewúrẹ́ bá fara kan ṣòkòtò rẹ̀, á gbọn ṣòkòtò náà títí ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ á fi bojú wẹ̀yìn, tí á máa rò ó pé kí lòun ṣe. Mùnírátù, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí òun bí Wàhábì, àkọ́bí àwọn, bàbá ọmọ kò gbà kí wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ àfi ìgbà tí wọ́n tún un wẹ̀. Ó ní ìwẹ̀ àkọ́kọ́ kò wọlé.

Irú ẹni báyìí ló yẹ kó ṣe wolé-wolé, iṣẹ́ wolé-wolé náà ló sì ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì. Láti ayé òyìnbó títí di ọdún tí owó Údọ́jì, àfikún owó oṣù ìjọba, jáde, òun ló ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn ní Èrúwà, kakí rẹ̀ gán bíi páálí, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, imú níwájú. Á ṣí amù, á tan iná sí i, á máa wá tanwíjí, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀fọn tí í máa jó ijó ìdí nínú omi tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Tó bá rí ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kì í jágbe, kì í bú ènìyàn. Á kàn yínmú bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹyin tó ti dìbàjẹ́, á ní, "Ìyá, ó di kóòtù." Obìnrin Èrúwà tí kò bá bá a dé kóòtù rí, á jẹ́ pé àná ni wọ́n gbé e níyàwó, tàbí kò ní amù.

Ẹni tó mọ ọ̀nà kóòtù náà jù ni Hàlímọ̀, Ìyá Sàlámì, tó ń ṣe láfún tà lójú ọ̀nà Lánlátẹ̀. Fẹ̀hìntọlá mú un nítorí tanwíjí. Ó tún mú un nítorí ẹ̀gẹ́, torí òfin wolé-wolé kò gbà kí ẹnikẹ́ni rẹ ẹ̀gẹ́ láàárín ìlú. Etí odò lọ́hùn-ún ni kí wọ́n ti máa rẹ ẹ́, kí òórùn rẹ̀ máa bá ẹja jà. Lọ́jọ́ ẹjọ́ náà, Fẹ̀hìntọlá ní kí wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀gẹ́ síwájú adájọ́, kí adájọ́ fi imú ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Adájọ́ gbóòórùn, ó sáré dá ẹjọ́. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Fẹ̀hìntọlá fẹ̀yìntì, gbogbo amù ìlú mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n Adéṣọlá, kọngilá, agbaṣẹ́ṣe ọmọ Èrúwà tó ń gbé Ìbàdàn, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sójú ọ̀nà Lánlátẹ̀ náà, ó sì gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi táìsì aláwọ̀ sánmà tẹ́ inú rẹ̀. Táńkà ló ń gbé omi odò Ọ̀fìkì wá sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni Adéṣọlá ń wálé. Tó bá sì wá, á rọ́ sínú omi náà gbàà bí erinmi, àwọn ará àdúgbò á máa yọjú lójú ọgbà, wọn á máa kí i pé ó kú ewu. Ó ní ní gbogbo Èrúwà, ẹnì kan ṣoṣo lòun lè fi omi òun lé lọ́wọ́. Báyìí ni wolé-wolé ṣe di alágbàtọ́ omi.

Ẹni tó bá Adéṣọlá ṣe adágún ọ̀hún kọ́ Fẹ̀hìntọlá níṣẹ́ dáadáa. Kiloríìnì, ìyẹ̀fun funfun tí òórùn rẹ̀ ń gún imú bí abẹ́rẹ́, ni ti pípa kòkòrò. Ẹ̀rọ á fa omi gba inú àgbá oníyanrìn, iyanrìn á sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀. Bí omi bá sì ti kan jù, á máa ta ènìyàn lójú, á máa jẹ irin ẹ̀rọ. Sódà ni wọ́n ń dà sí i kí ó lè bọ̀ sípò. Igò kékeré kan wà tó fi ń dán an wò. Á bu omi sí i, á kán oògùn lé e. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi ìṣápá, omi dára. Bí ó bá dà bí ìtọ̀ ọmọdé, omi ti kan nìyẹn.

Fẹ̀hìntọlá fẹ́ràn adágún yìí ju bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà fẹ́ràn omi lọ. Láyé rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ nìyí ní Ìbàràpá tí kò rí i lára. Á dúró létí rẹ̀ láàárọ̀, á wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere, inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n kì í ti ìka bọ̀ ọ́. Adéṣọlá ti wẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà náà ni òjò dé.

Kì í ṣe òjò tí ènìyàn ń sọ pé ẹ kú òjò o. Òjò tó ń bínú ni. Ó wó ọgbà ẹ̀yìn ilé Adéṣọlá lulẹ̀ gbì, ó ṣan ẹrẹ̀ láti orí òkè wá, ó kó ìgbẹ́ màlúù láti gáà àwọn Fúlàní, ó kó ti ewúrẹ́ mọ́ ọn, ó bu díẹ̀ nínú ti ènìyàn láti inú sáláńgá ilé ìsàlẹ̀, ó wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú adágún bí ẹni ń ro ọbẹ̀. Nígbà tí òjò fi máa dá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, tí Fẹ̀hìntọlá dé ibẹ̀, omi aláwọ̀ sánmà ti di ohun kan tí kò lórúkọ. Ó ní àwọ̀ ewé lókè, ó pọ́n nísàlẹ̀, ó yọ̀ létí. Òkété kan tó ti kú sí i wú, ó dojú bolẹ̀, ó ń yí po jẹ́jẹ́. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ gun ara wọn lẹ́yìn kiri, wọ́n ń yé ẹyin gbọọrọ gbọọrọ bí okùn ikun imú. Ọ̀kan nínú wọn wo Fẹ̀hìntọlá, ó sì ń báṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Fẹ̀hìntọlá tutọ́. Ó tún tutọ́. Ó wá wo ibi tó tutọ́ sí, ó rí i pé òun tún ti fi kún un.

Ojú ibi tí ọgbà ti wó yẹn ni Hàlímọ̀ àti Wúràọlá, tí òun náà ń ṣe láfún, gbà yọjú. Wọ́n ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, ẹrẹ̀ dé wọn dé orúnkún.

"Bàbá Wàhábì, ẹ kú omi," ni Hàlímọ̀ wí.

"Ẹ ṣé," ni Fẹ̀hìntọlá dáhùn láti inú aṣọ tó fi bomú.

"Omi yìí náà ló ń dán bíi dígí níjọ́sí?"

"Òun náà ni."

Wúràọlá na ọrùn. "Ọ̀pọ̀lọ́ yìí mà pọ̀ o. Ẹ jẹ́ n pọn garawa kan níbẹ̀ kí n fi fọ ẹsẹ̀."

Fẹ̀hìntọlá nawọ́ dí i lọ́nà. "Fọ ẹsẹ̀ kẹ̀? Obìnrin yìí, ẹsẹ̀ rẹ ló mọ́ jù níbí. Omi yìí ti bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pọn ọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún. Èmi gan-an ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọ́."

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn.

"Ẹ ti fi í sílẹ̀?" ni Hàlímọ̀ béèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Mo ti fi í sílẹ̀. Ẹ máa lọ, èémí yín ń rí mi lára."

"Kò burú. Ẹnu ara yín lẹ fi sọ ọ́, Bàbá Wàhábì."

Wọ́n lọ. Fẹ̀hìntọlá rò pé òun ti lé wọn ni.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ ní Èrúwà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí wolé-wolé tuntun fi dé sẹ́yìnkùlé Adéṣọlá, kakí rẹ̀ gán bíi páálí, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Sàlámì ni, ọmọ Hàlímọ̀. Abẹ́ Fẹ̀hìntọlá gan-an ló ti kọ́ṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó nà gbọọrọ, ó sì dìde, ó ti agolo bọ omi, ó bu díẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan."

Fẹ̀hìntọlá wò ó. Tanwíjí. Wọ́n pọ̀, wọ́n ń ju ìdí síwá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n san owó ijó fún.

"Òjò ló fà á," ni ó wí.

Sàlámì mi orí. "Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ nìyẹn, bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má gbọ́."

"Ṣé èmi lo fẹ́ mú?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé òfin ò mọ ojú. Ẹ ní ẹni tí òfin bá mọ ojú rẹ̀, òfin ọ̀hún ti ya ọ̀bùn." Ó da omi agolo nù. "Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Mo fi yín sílẹ̀ di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Tí mo bá rí ẹyọ kan péré níbẹ̀, bàbá mi, ó di kóòtù."

Ó tún dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló dun Fẹ̀hìntọlá jù.

Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ó ń rí kóòtù lójú ara rẹ̀: àwọn obìnrin tó ti mú dé ibẹ̀ tò sórí bẹ́ǹṣì láti ìhín dé ọ̀hún, wọ́n wé gèlè tuntun, wọ́n gbé ẹ̀pà dání, wọ́n wá wòran. Òun náà dúró síbi tí wọ́n ti ń dúró.

"Ta ló ń bá yín jà?" ni Mùnírátù béèrè.

"Sàlámì fẹ́ gbé mi lọ sí kóòtù nítorí tanwíjí."

Mùnírátù bu àmàlà rẹ̀, ó rọra gbé e mì. "Ẹ má fòyà. Bó bá jẹ́ ti kóòtù ni, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ tó yín."

"Mùnírátù, mi ò ní dé ibẹ̀. Kí n tó dé ibẹ̀, màá mu omi adágún yẹn."

"Ẹ fọ ẹnu yín," ni Mùnírátù wí, "mò ń jẹun."

Bí ogun bá wọ̀lú, ọkùnrin kì í fi ìgbálẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ni Fẹ̀hìntọlá kọ́kọ́ gbé. Ó gbá etí adágún. Ó so apẹ̀rẹ̀ mọ́ orí igi gígùn, ó dúró lókèèrè bí ẹni ń já ọsàn, ó fi ń kó ewé, ìgbẹ́ àti ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ jáde. Ẹyin náà kì í já. Á fà á, á máa gùn sí i, á fà á, á tún máa gùn sí i. Òkété náà, nígbà tó gbé e sókè, ìrù rẹ̀ já sínú omi, ara rẹ̀ wà nínú apẹ̀rẹ̀. Fẹ̀hìntọlá gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ògiri fún ìgbà díẹ̀, àwọn tó ń kọjá gbọ́ bó ṣe ń bì.

Ó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Ó fa ẹrẹ̀ díẹ̀, ó wúkọ́, ó sì kú. Fẹ̀hìntọlá fọ iyanrìn inú àgbá, ó tún ẹ̀rọ tan. Ó da kiloríìnì sínú omi. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ jáde lójijì, wọ́n jókòó sórí táìsì, wọ́n ń wò ó bí ẹbí tí wọ́n lé jáde nínú ilé bàbá wọn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó bu omi sínú igò, ó kán oògùn sí i. Ìtọ̀ ọmọdé. Òjò ti jẹ́ kí omi kan. Ó da sódà sí i. Ó tún dán an wò. Ó ń pọ́n bọ̀. Kò tíì dé ti ìṣápá, ṣùgbọ́n ó ti ń bọ̀. Fẹ̀hìntọlá lọ kírun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, igò tún dà bí ìtọ̀. Kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Ti àgbàlagbà tí ibà ń ṣe ni.

Ó da sódà sí i, ó da kiloríìnì sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń pọ́n bọ̀. Ní àárọ̀, ìtọ̀. Bí ó ṣe ń da oògùn síbẹ̀ ni nǹkan kan ń mu ún. Omi náà kò sì mọ́. Dípò kó mọ́, ó ń funfun bí omi ògì. Ìfófòó bò ó létí. Ó ń só pùpù láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó jẹ ẹ̀wà tí kò jinná. Òórùn náà wá yí padà. Tẹ́lẹ̀, òórùn ìgbẹ́ ni. Ní báyìí, ó kan, ó rà, ó tún dùn díẹ̀ lábẹ́, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára. Mùnírátù ní kí ó máa bọ́ aṣọ sí ìta kó tó wọlé.

Àkíbù, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì títì, wá bá a létí ibi tí ọgbà ti wó. "Bàbá Wàhábì, kí ló ń rùn báyìí ná?"

Ó yẹ kí Fẹ̀hìntọlá sọ pé òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òórùn kan ní Ìbàràpá tí Fẹ̀hìntọlá kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó gbé imú sókè, ó fà á wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni," ni ó wí. "Tí akọ àti abo bá ti bára wọn sùn nínú omi oníkiloríìnì, òórùn tó máa ń jáde nìyẹn."

"Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"O ò ṣe wolé-wolé. Níbo lo ti fẹ́ mọ̀? Bí aláǹgbá bá kú ní Tápà, níbí ni mo ti máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tó ń só pùpù lábẹ́ yẹn, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló ń mí."

Àkíbù wo omi náà, ó wo Fẹ̀hìntọlá, ó padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń ronú nípa irú ọ̀pọ̀lọ́ tó ń mí báyẹn.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ yóò fi dé, kiloríìnì ti tán pátá, sódà ti tán, omi sì wà níbẹ̀ funfun kìn-ìn, ó ń hó bí ọbẹ̀. Fẹ̀hìntọlá kírun Jímọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó kù forí kanlẹ̀, òun ń gbọ́ òórùn apá aṣọ ara rẹ̀. Láti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yìnkùlé Adéṣọlá ló gbà lọ. Ìlú ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Gbogbo obìnrin tó bá a dé kóòtù rí ló wà níbẹ̀, wọ́n fi ìborí bomú, ojú wọn nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀ àti Wúràọlá àti àwọn aláfún ojú ọ̀nà dúró pọ̀ lápá kan. Àwọn nìkan ni kò bomú.

Sàlámì dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó bu omi, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ó wò ó pẹ́. Ó da á nù, ó lọ sí igun kejì, ó bu òmíràn. Ó yí agolo síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó lọ sí igun kẹta.

"Kò sí," ni Sàlámì wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n jà lólè. "Tanwíjí ò sí níbẹ̀. Ẹyọ kan ò sí. Ohunkóhun ò lè gbé inú omi yìí."

Ẹ ò bá rí Fẹ̀hìntọlá. Àyà rẹ̀ yọ síta, ọrùn rẹ̀ gùn sí i. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó sì yíjú sí àwọn obìnrin.

"Ẹ ti gbọ́. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ lọ wo amù yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wé gèlè nítorí tèmi, gèlè ti já sófo. Àwa tí a mọ omi, a mọ̀ ọ́n. Mo ti sọ fún yín láti ọjọ́ yìí wá pé ọ̀bùn ni gbogbo yín, pé ẹnì kan ṣoṣo ló…"

Omi lẹ́yìn rẹ̀ wí pé, blúùù.

Nǹkan kan gòkè láti ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ orí, ó dá dúró, ó tún yọ èjìká. Àpò ìdọ̀họ ni, ó wú bí òkú, omi funfun bí ọyún ń sun jáde lára rẹ̀. Ó yí padà, ó sì léfòó, ó ń só pùpù. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, òmíràn gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òórùn tó bá wọn wá lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn bí ẹni gbé pàṣán.

Ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ.

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé Fẹ̀hìntọlá lẹ́ẹ̀kan náà: ohun tó ń sọ omi di kíkan láràárọ̀, ohun tó ń mu kiloríìnì rẹ̀ bí ẹlẹ́mu, ohun tó ń mí. Ó sì mọ àpò náà. Aṣọ pupa ni wọ́n fi di ẹnu rẹ̀, bí Hàlímọ̀ ṣe máa ń di ti gbogbo àpò tó ń gbé lọ sí ọjà Tápà. Sàlámì náà mọ aṣọ pupa yẹn. Aṣọ tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní kékeré ni. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ lọ sílé.

"Bàbá," ni ó wí, "ta ló ni ẹ̀gẹ́ yìí?"

Kò sí ohun tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé yìí. Kí Fẹ̀hìntọlá kàn ti ẹnu síwájú díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Hàlímọ̀, ó tán. Ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí kóòtù, òun náà yóò sì wá ìjókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti ń ti ẹnu bọ̀ nígbà tí Àkíbù sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ gbọ́ ná. Imú tó ń gbọ́ aláǹgbá tó kú ní Tápà, wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ odidi àdúgbò sábẹ́ rẹ̀, kò gbọ́. Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ ló ń bára wọn sùn."

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Ènìyàn rẹ́rìn-ín, ó kan àwọn ọmọ orí ògiri, ó kan ẹni tó ń kọjá lórí títì tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Etí Fẹ̀hìntọlá gbóná. Kóòtù burú, ṣùgbọ́n ẹni tó dé kóòtù, arúfin lásán ni. Wolé-wolé tí kò mọ òórùn ẹ̀gẹ́, kí ni wọ́n máa pè é? Ẹnu tó ti tì síwájú padà wálé.

"Èmi ni mo ni ín," ni ó wí.

Ẹ̀rín gé bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò.

"Ẹ̀yin?" ni Sàlámì béèrè. Ó ti ń mí padà.

"Èmi. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo rẹ ẹ́. Ṣé èmi ni n ò ní gbọ́ òórùn ẹ̀gẹ́? Gbogbo rẹ̀ ni mo ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Àpò kọ̀ọ̀kan."

Sàlámì fa bírò yọ tayọ̀tayọ̀. "Ó dùn mí, bàbá mi. Òfin ni. Ó di kóò…"

"Sàlámì, fi bírò yẹn pamọ́." Hàlímọ̀ ti jáde láàárín àwọn aláfún, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ̀gẹ́ mi ni."

"Ìyá mi, ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n dákẹ́ kí wolé-wolé kó ẹ̀gẹ́ mi lọ? Ẹ̀gẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi wú lóko nínú ẹrẹ̀, tí mo fi ọwọ́ mi bó? Ó ti gbé mi lọ sí kóòtù, mo gbà. Kó wá tún jẹ láfún mi lé e lórí?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tèmi ni," ni Wúràọlá wí. "Ẹ wo okùn rẹ̀. Okùn kànga ilé wa ni."

"Tèmi wà nísàlẹ̀, kò tíì gòkè," ni ẹlòmíràn wí.

"Tèmi méjì."

Kíá, gbogbo aláfún ojú ọ̀nà Lánlátẹ̀ ló ń jà du ẹ̀ṣẹ̀. Fẹ̀hìntọlá yíjú láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. "Ta ló fún yín láyè?" ni ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," ni Hàlímọ̀ wí. "Ẹ ní omi ti bàjẹ́. Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pọn ọ́n, ẹ ní ẹ ti fi í sílẹ̀. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tún un sọ. Ta ni ò mọ̀ ní Ìbàràpá pé omi tí kò ṣeé mu mọ́, tí ẹni tó ni ín bá ti fi sílẹ̀, ti ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni? Ìgbà tẹ́ ẹ lọ kírun ìrọ̀lẹ́ la gbé e wá. A tiẹ̀ rò pé ojú àánú lẹ fi wò wá."

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mi orí. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́.

Sàlámì dúró láàárín wọn bí òpó. "Ìyá mi, tẹ́ ẹ bá ní tiyín ni, ẹ̀yin ni n ó gbé lọ."

"Gbé mi lọ. Kọ ọ́ kí n rí i. Kọ ọ́ pé Hàlímọ̀, ìyá mi tó fi aṣọ ẹnu àpò yẹn pọ̀n mí."

Bírò náà dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà, ó rọra padà sínú àpò kakí.

"Tanwíjí ni mo wá wò," ni Sàlámì wí. "Mi ò rí tanwíjí. Ti ẹ̀gẹ́ ò sí nínú iṣẹ́ tòní." Ó súnmọ́ Fẹ̀hìntọlá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mò ń lọ sí Igangan, bàbá. Ibí ni n ó gbà padà kí oòrùn tó wọ̀. Tí mo bá rí àpò kan nínú omi yìí, ẹ̀yin ni n ó kọ, torí pé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Fẹ̀hìntọlá wo oòrùn. Ó yíjú sí àwọn aláfún. "Ó yá, ẹ wá kó ẹ̀gẹ́ yín."

"Nínú omi wo?" ni Wúràọlá béèrè. "Omi tẹ́ ẹ ní kí n má fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀?"

"A ò mọ lúwẹ̀ẹ́," ni àwọn tó kù wí.

"Àkíbù ńkọ́?" ni Fẹ̀hìntọlá wí. Àkíbù ti rántí kẹ̀kẹ́ kan tó nílò àtúnṣe kíákíá. Fẹ̀hìntọlá gbé igi alápẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fi fa àpò tó léfòó sétí. Nǹkan kan ṣẹ́. Igi ni, kì í ṣe àpò. Àwọn tó kù sì wà nísàlẹ̀, wọ́n ti fi òkúta dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Kò sí ohun tó kù. Ó bọ́ agbádá, ó ká a, ó gbé e sórí òkúta tó mọ́ jù. Ó bọ́ bùbá. Ó bọ́ bàtà, ó tò wọ́n. Ó dúró létí omi pẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà sílẹ̀ de ikú. Ó ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyẹn gan-an ni kò retí. Ó rò pé á tutù. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ki, ó sì di ìka náà mú.

Ó wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Nǹkan yọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yẹra. Ó wọ̀ ọ́ dé ìbàdí, ṣòkòtò rẹ̀ wú, nǹkan kan tó ní ẹsẹ̀ bá ẹnu ṣòkòtò wọlé, ó jókòó sí itan rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ dé ọrùn. Ìfófòó wọ̀ ọ́ létí. Ó pa ojú dé, ó pa ẹnu dé, ó na ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó wá àpò, ó rí i, ó gbá a mọ́ àyà. Ó rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ikùn ẹni tó sanra. Ó gbé e dé etí, Hàlímọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbà á.

"Ẹ rọra o, Bàbá Wàhábì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì yín yẹn ti Wúràọlá ni, ẹ má jẹ́ kí ó dà."

Ó gbé èkejì. Ó gbé ti okùn kànga. Ó gbé èyí tí wọ́n ní méjì ni, mẹ́ta ni. Ojú ń ta á, ara ń yún un, oòrùn ti kan orí igi. Àwọn obìnrin jókòó létí adágún, wọ́n tú ẹnu àpò, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gẹ́ wò, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé omi olówó yìí mà ń tètè rẹ ẹ̀gẹ́, pé ẹ wò ó bó ṣe funfun. Fẹ̀hìntọlá gbé èyí tó kẹ́yìn wá, ó fi àgbọ̀n lé etí táìsì, ó ń mí bí màlúù.

Hàlímọ̀ tú ẹnu àpò náà. Ó tẹ ọ̀kan. Ó tẹ òmíràn. Ó di ẹnu àpò padà, ó sì tì í sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Èyí kò tíì rọ̀," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sísàlẹ̀ títí di ọ̀la."

Fẹ̀hìntọlá wo oòrùn, ó wo àpò, ó wo Ìyá Sàlámì. Ó la ẹnu gbàgà láti fún un lésì, omi sì wọlé.